Ìgò Omi Mẹ́ta

Omi ni iṣẹ́ mi. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń gbé omi kaná ní yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn tó sì ń pè mí ní Ìyá Olómi láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ. Ẹni tó bá rò pé kí èèyàn gbé omi kaná kì í ṣe iṣẹ́ gidi, kó wá gbìyànjú ẹ̀ wò. Kì í ṣe omi tíì là ń sọ. Omi oníyọ̀ inú ìgò ni, èyí tí dókítà máa ń lò nínú ikùn tí wọ́n bá ti là. Tó bá tutù jù, ara aláìsàn á máa gbọ̀n lójú oorun. Tó bá gbóná jù, a ti bọ ìfun ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Wọ́n fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná, mo sì ń lò ó. Àmọ́ tí mo bá lò ó tán, mo tún máa ń fi ìgò náà kan inú apá mi, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, kí n tó jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi. Ohun èlò lè bàjẹ́. Apá mi kò tíì bàjẹ́ rí.

Ibi tí omi mi ti ń ṣiṣẹ́ jù nìyí. Nígbà mìíràn, ìfun èèyàn á lọ́ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀ mọ́, ìfun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Tí dókítà bá tú u tán, kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ti kú ni tàbí ó kàn dákú. Ohun tó máa ṣe ni pé á rọra fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dì í, á sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Tí ẹ̀jẹ̀ bá padà, àwọ̀ á padà. Tí kò bá padà, wọ́n á gé e sọnù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, aṣọ máa ń tutù, nọ́ọ̀sì á sì ké sí mi fún omi tuntun. Mo ti kà á láìmọye ìgbà. Ìgò mẹ́ta ni. Tí omi ìgò kẹta bá ti tutù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Àwọn dókítà wa a máa pẹ́. Aláìsàn á ti wà láìjẹun láti àná, á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo àjà, àwọn wọ̀nyí á ṣì máa rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọ́n ní kí n pààrọ̀ bátìrì aago ara ògiri. Mo gun àga, mo pààrọ̀ bátìrì, mo sì sún aago náà síwájú ní ìṣẹ́jú méje. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

A kì í mú fóònù wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, a kì í sì í wọ aago sọ́wọ́, nítorí ọwọ́ fífọ̀. Nítorí náà, aago ara ògiri ni ọba níbẹ̀. Ẹyọ kan tó tún wà ni èyí tó wà lójú ẹ̀rọ Bàbá Oorun. Bàbá Oorun ni àgbàlagbà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun, tó sì ń ṣọ́ èémí wọn títí wọ́n á fi jí. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rọ òun àti ògiri ò bára mu mọ́, ó ní ẹ̀rọ òun ti darúgbó bíi tòun. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," mo sì bá tèmi lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀ka wa nìkan ni kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn. Wọ́n fún Ọ̀gá, ìyẹn olórí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, ní ìwé ẹ̀yẹ inú férémù pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀wọ̀ fún àkókò bíi tiwa. Abẹ́ aago yẹn gan-an ló gbé e kọ́ sí. Tí mo bá ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, orí mi á wú.

Kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ àṣà yẹn. Aago yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọmọ mi obìnrin ń gbé fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú gbogbo ayé. Bàbá ẹ̀ ti kú kó tó di ọmọ ilé ìwé. Èmi ni mo ń mú un lọ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, a ó sì dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i. A ó dúró síbẹ̀, èmi á máa sọ ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu mi, òun á máa jẹ búrẹ́dì ẹ̀. Kò pẹ́ dé ilé ìwé rí láti kíláàsì kìn-ín-ní títí tó fi jáde. Ọmọ tí mo wí yìí ló wá di dókítà. Kì í ṣe dókítà lásán o, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Nígbà tí wọ́n sì pín wọn kiri àwọn ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e wá.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ló ti fi òfin lélẹ̀. Ó ní, "Màmá, tí a bá ti wọ ibẹ̀, ẹ ò bí mi, èmi náà ò mọ̀ yín rí." Mo ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mo gbé e sínú fún oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mọ́kànlá, "Ẹ káàárọ̀, Dókítà" ni mo ń kí i, òun náà á dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Olómi." Inú ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti máa ń lọ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Kò sí obìnrin tó ń fi ọmọ yangàn tó mi nílé ìwòsàn yẹn, àmọ́ mi ò jẹ́ ṣe é níṣojú ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n gbé jórinjórin kan wá. Inú ti ń run ún láti àná, ó rò pé ohun tí òun jẹ ni, ó mu oògùn, kò rí oorun sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún fagídí lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti jókòó sílẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ikùn ẹ̀ ti le, ó sì ń bì. Ọmọ mi fọwọ́ kàn án, ó wo àwòrán inú tí wọ́n yà fún un, ó ní ìfun ti lọ́, àfi ká tètè là á. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin náà àti ìyàwó ẹ̀.

Ó ní, "Tí ibi tó ti kú bá pọ̀, a máa ní láti gé e. Tí èyí tó ṣẹ́ kù bá sì kéré jù, oúnjẹ ẹnu ò ní lè gbé yín ró mọ́. Inú iṣan ni wọ́n á máa gbà bọ́ yín."

Mi ò bá a wí, bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ náà nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí a ń ti bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin náà wọlé, ìyàwó ẹ̀ di apá aṣọ mi mú. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó mú dígí dúdú tí ọkọ ẹ̀ fi ń jórin dání, ó ń nù ún bí ẹni pé ọkọ ẹ̀ máa tó béèrè ẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé á ṣì máa jẹun?"

Mo ní, "Á jẹun."

Ta ló rán mi? Ta ló fi mí jẹ dókítà? Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Mo wọlé lọ gbé omi mi kaná.

Ọ̀gá wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò fọ ọwọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ pọ̀ sáyà. "Dókítà, ìwọ nìkan lo ni tòní," ló wí. "Èmi wá wòran ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ mi máa dá ikùn là láìsí ọwọ́ àgbà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ni èyí tí à ń pè ní Ọwọ́-Yá, nítorí pé kì í jẹ́ kí o tọrọ nǹkan tán kó tó dé ọwọ́ ẹ. Bàbá Oorun wà níbi orí aláìsàn. Èmi wà nídìí tábìlì omi mi, ìgò mẹ́fà ló wà nínú agbada omi gbígbóná, mo ti fi apá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Wọ́n la ikùn ọkùnrin náà. Ìfun tó jáde dúdú bí ìka tí ilẹ̀kùn há. Ó pọ̀ pẹ̀lú, ó pọ̀ gan-an ni.

"Kí n tó tú u," ọmọ mi wí, "Bàbá, ẹ fún un ní omi dáadáa nínú iṣan, ẹ sì gbé atẹ́gùn ẹ̀ sókè. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn ya padà wọbẹ̀ lójijì, á tún ba nǹkan jẹ́ sí i ni."

Bàbá Oorun ní òun ti ṣe é. Ohùn ọmọ mi ò gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìfun yẹn, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń tú òwú tó bá ta kókó nígbà tó wà lọ́mọdé, tí kì í jẹ́ kí n fi abẹ gé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó tú u tán, ó fi aṣọ dì í.

Ó béèrè láì gbójú sókè pé, "Kí ni aago wí?"

Ojú ẹ̀rọ ló sún mọ́ Bàbá Oorun jù, ibẹ̀ ló ti kà á. "Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá."

Mo da ìgò kìn-ín-ní sínú abọ́ Ọwọ́-Yá, ó rọ ọ́ sórí aṣọ náà, a sì dúró. Ẹni tí kò bá tíì dúró nídìí ikùn tó là sílẹ̀ rí kò lè mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe ń gùn. Ẹ̀rọ ń dún, èémí ọkùnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀gá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbé ìgò kejì, mo fi kan inú apá mi, mo ń retí kí Ọwọ́-Yá ké sí mi.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó na ọrùn. "Ṣé o ti wò ó?"

Ọmọ mi gbójú sókè wo ògiri. Aago ara ògiri wà ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé," ó wí. Ó ṣí etí aṣọ. Dúdú. Ó ṣí apá kejì, dúdú náà ni. Mo rí i tí èjìká ẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. "A máa gé e. Láti ibí títí dé ibí."

Ọ̀gá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́-Yá ti na irin tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìfun sí i.

Mo ti pẹ́ níbẹ̀ tó láti mọ ohun tí ibí-dé-ibí yẹn túmọ̀ sí. Èyí tó máa ṣẹ́ kù fún ọkùnrin yẹn ò ní gùn ju apá mi lọ. Ìgò kejì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé orí mi ló dàrú. Ìgò kan ṣoṣo, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàlélógún. Mo wo ògiri. Mo wo ojú ẹ̀rọ Bàbá Oorun: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Aago kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òmíràn ni wọ́n fẹ́ fi parí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ìfun yẹn ti rí gbà nínú mẹ́wàá ẹ̀. Ìṣẹ́jú méje tó kù, èmi ni mo jí i.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ojú ti ń tì mí kí n tó lanu. Mo rí ìwé ẹ̀yẹ tó wà lábẹ́ aago, mo rí ojú Ọ̀gá. Mo rò ó pé ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ dá ikùn là ni ìyá tó bí i máa dójú tì í lójú àwọn ọ̀gá ẹ̀. Mo tún rò ó bóyá kí n kàn ṣe bíi wèrè, kí n ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún da omi díẹ̀ sí i," kí n fi ìyókù pamọ́. Gbogbo ìyẹn ò ju ìgbà téèyàn máa fi mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Dígí dúdú tí obìnrin yẹn ń nù ló wá sí mi lọ́kàn. Á jẹun, ni mo wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo ní, "Dókítà, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀gá ní, "Ìyá Olómi, ta ló bi yín?"

Mo ní, "Aago ara ògiri yẹn ń purọ́, Ọ̀gá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ ni mo ti fi ìṣẹ́jú méje kún un kí ẹ má baà máa pẹ́ mọ́. Aago ẹ̀rọ ni Bàbá kà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ lò."

Bàbá Oorun gbórí sókè. "Ẹ̀rọ mi ò wá darúgbó?"

"Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Ìbòmú bo ojú ọmọ mi, ẹyinjú ẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ń retí kó bínú. Mo ń retí kó ní kí n jáde, kò sì ní ṣẹ̀ mí. Ó wò mí ṣáá. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun kan tí mi ò mọ̀ pé ó mọ̀, nítorí kò sí nínú ìwé wọn, kò sì sí dókítà kankan tó bi mí rí.

"Ìgò mélòó lẹ ti dà?"

Mo ní, "Ìkan."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Ó gbé irin tí Ọwọ́-Yá gbé lé e lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ẹ dà á."

Ọ̀gá ní, "Dókítà, ṣé ìgò lo fẹ́ fi ka àkókò?"

Ó ní, "Ọ̀gá, Bàbá á máa wo ẹ̀rọ, èmi á máa ka ìgò. Tí omi kẹta bá tutù, tí ìfun yìí ò bá yí padà, màá gé e. Àmọ́ mi ò ní gé ohun tó ṣì ń mí." Ó wí bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá o, ẹni tí àwọn dókítà mìíràn kì í lè wò lójú. Mo fẹ́ pariwo pé èmi ni mo bí i. Omi ni mo dà.

Ọwọ́-Yá rọ ọ́ sórí aṣọ, ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Ọ̀gá kò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ọwọ́-Yá ní, "Omi, Ìyá," mo ti di ìgò kẹta mú, mo ti fi kan apá mi lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo dà á. Bàbá Oorun ń kà á láti ibi orí aláìsàn: ìṣẹ́jú méje, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ìbòmú mi, mo sì ń bá ìfun yẹn náà sọ̀rọ̀. Mo ní kó má ṣe mí ní ohun tí ojú ò gbọdọ̀ rí.

"Mẹ́wàá," Bàbá Oorun wí.

"Omi ti tutù," Ọwọ́-Yá wí tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi ṣí aṣọ. Mi ò lè wò ó. Mo wo ojú Ọ̀gá dípò ẹ̀, mo sì rí i tí ọwọ́ tó ká pọ̀ sáyà rọra já sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wò. Ìfun náà ti pọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, kò sì pọ́n dán bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n. Ọmọ mi fi ìka kan án, ìfun náà sún kì, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú ń bí. Ó wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, ó ní, "Ó ń lù. Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń lù." Ibi kékeré kan tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ ló kù tó dúdú síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló gé, ó sì rán ẹnu méjèèjì pọ̀ kíákíá, kò ta kókó kan tí kò dára.

Ọ̀gá ní, "Hìn-ín." Ẹ ò mọ Ọ̀gá. Ẹni tó bá gba hìn-ín lẹ́nu ẹ̀ ti gba àmì ẹ̀yẹ.

Tèmi dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tèmi ò tilẹ̀ lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ gun àga, ó tún aago ṣe, ó sì sọ ìwé ẹ̀yẹ kalẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ohun tí òun ò jẹ kọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìfun èèyàn, àti pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ sílé. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, mo rí ohun tó fi bírò kọ kún un: láti òní lọ, aago kan ṣoṣo la ó máa fi bẹ̀rẹ̀, òun náà la ó máa fi parí, kí Ìyá Olómi sì máa ka ìgò sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo ká ìwé ìkìlọ̀ yẹn, mo fi sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí dókítà ọmọ mi. Ibẹ̀ ló wà dòní.

Ní ọjọ́ keje, ìyàwó jórinjórin ránṣẹ́ pè mí ní wọ́ọ̀dù. Mo bá ọkọ ẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ọba. Obìnrin náà ò sọ ju "Ẹ ní á jẹun" lọ, ó sì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, wọ́n ní omi yín wà nínú ikùn mi."

Mo ní, "Ìgò mẹ́ta. Rọra jẹ búrẹ́dì yẹn, má tún fún mi níṣẹ́ míì."

Ọmọ mi kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ aago ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Dókítà àti Ìyá Olómi la jẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló wá kí mi nílé, nínú yàrá kan náà tí mo ti tọ́ ọ. Mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe. Mo gbé àga sí abẹ́ aago, mo gùn ún.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ tún un ṣe. Aago tó ń purọ́ ti tó mi. O ò mọ̀ ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi—"

"Mo mọ̀," ó wí. "Láti kíláàsì kejì ni mo ti mọ̀. Wọ́n kọ́ wa ní aago wíwò, mo sì rí i pé ti ilé ìwé ò bá tiwa mu."

Mo dúró lórí àga, mo ń wò ó. "Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, ẹ máa tún un ṣe. Gbogbo ìyókù ọjọ́, iṣẹ́ lẹ máa ń wà. Ẹnu géètì yẹn nìkan ni mo ti ń rí yín." Ó ń fi ìka tẹ búrẹ́dì tí mo gbé síwájú ẹ̀. "Ibẹ̀ lẹ ti máa ń sọ fún mi nípa iṣẹ́ yín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìfun lè dúdú kó tún padà pọ́n. Ẹ ní béèyàn bá ní sùúrù ìgò omi mẹ́ta, ó lè jí. Ẹ ti gbàgbé?"

Mo ti gbàgbé. Mo rántí búrẹ́dì, mo rántí géètì tí kò tíì ṣí, mo rántí pé mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè sọ fún ọmọ ọdún méje ju omi mi lọ. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ abẹ," ó wí. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣubú. Ẹ fi aago yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó tì í, ó bu búrẹ́dì fún mi, a sì jọ ń jẹ ẹ́. Aago orí wa ṣì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú gbogbo ayé, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.